Ilé Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ọmọ Tó Ń Wá Bàbá Àgbà Rẹ̀ Nínú Ìwé Ológun Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà nílé, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, inú mi ń dùn sí ìbéèrè kan tí ẹ ń bi àwa àgbà lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí bàbá àgbà yín lọ nígbà tí wọ́n ní ó lọ sógun òyìnbó. Ẹ fẹ́ mọ ẹgbẹ́ ológun tó wà, ibi tó ti jà, ọdún tó padà wálé, àti ohun tó fà á tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti tẹ orúkọ bàbá náà sórí kọ̀ǹpútà, kò jáde, ẹ sì gbà pé kò sí ìwé kankan. Àwọn mìíràn ti sanwó fún àwọn tó ń ta ìwé ìtàn ìdílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ òfo ni wọ́n mú bọ̀. Ìwé wà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ́. Wọ́n ní ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin fẹ́ ti London kó o wá sílé.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀gá tí bàbá àgbà rẹ̀ sìn kò lè mọ ilé tí ìwé rẹ̀ wà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni kí á fi ṣíwájú. Láti àwọn ọdún 1860 ni Glover, òyìnbó tó ṣàkóso Èkó nígbà náà, ti kó àwọn ọmọ ogun jọ níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Hausa tó sá kúrò lóko ẹrú. Àwọn wọ̀nyí ló bá Gẹ̀ẹ́sì jagun Àṣáńtì ní 1873 sí 1874. Nígbà tó di 1897, Chamberlain tó ń ṣe mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní kí Lugard dá ẹgbẹ́ ológun tuntun sílẹ̀, ìyẹn ni West African Frontier Force. Àwọn ọmọ ogun Èkó wọnú rẹ̀, wọ́n sì di Lagos Battalion. Ní 1906 wọ́n bọ́ sábẹ́ Southern Nigeria Regiment. Ní 1914 tí wọ́n so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, gbogbo wọn di Nigeria Regiment. Ọdún 1928 ni wọ́n fi oyè Royal kún orúkọ ẹgbẹ́ ńlá náà. Ẹ má rò pé mo kàn ń ka orúkọ lásán. Bí ẹ bá rí bébà kan nínú àpótí tí wọ́n kọ Lagos Battalion sí, ẹ ti mọ̀ pé bàbá náà ti wọṣẹ́ kí 1906 tó pé. Bí ó bá jẹ́ Nigeria Regiment, 1914 ló kéré jù.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, War Office tó ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ni àwọn tiwa. Colonial Office ló ni wọ́n, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ogun Hítílà, ìyẹn ogun àgbáyé kejì, ló gbé wọn sábẹ́ War Office ní 1939. Ẹ di èyí mú dáadáa, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Kew, lẹ́bàá London, ìwé tó bá jẹ mọ́ West African Frontier Force láti 1898 sí 1926 wà nínú CO 445, èyí tó tẹ̀ lé e wà nínú CO 820. CO ni Colonial Office, WO ni War Office. Ọmọ tó bá ń wá bàbá tó lọ jagun Kàísà, ìyẹn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, nínú WO nìkan ti fi ìdajì ìwé sílẹ̀ láìwò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ óò máa gbọ́, pé iná ti jó gbogbo ìwé. Òótọ́ ni pé iná jó. Ní oṣù Kẹsàn-án 1940, àwọn ará Jámánì ju bọ́ǹbù lu ilé ìkówèésí War Office tó wà ní Arnside Street ní London, ó sì jó ju ìdajì lọ nínú ìwé iṣẹ́ àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó ja ogun Kàísà. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn tó wà lábẹ́ War Office ni èyí. Ìwé orúkọ àwọn bàbá wa wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ológun wọn níhìn-ín, ní Nàìjíríà. Iná Arnside Street kọ́ ló gba bàbá àgbà yín lọ́wọ́ yín.

Ohun tó gbà á ni pé òyìnbó kò ka orúkọ rẹ̀ sí ohun tó yẹ kí ó gbé kọjá òkun. Ohun tó lọ sí London ni lẹ́tà àwọn gómìnà, ìròyìn àwọn ọ̀gá ológun, ìwé mẹ́dàlì, àti ìwé tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ń kọ lójoojúmọ́ lójú ogun. Mo fẹ́ kí ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀ fún ìwé ojoojúmọ́ yìí. Ẹ óò rí i níbẹ̀ pé ọ̀gá òyìnbó kan fara pa, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀ àti ibi tí ọta ti bà á. Lórí ìlà kan náà ni wọ́n á ti kọ ọ́ pé àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́ta kú, mẹ́sàn-án fara pa. Ó parí. Kò sí orúkọ, kò sí ìlú, kò sí ọmọ ta ni. Ó bí mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, ó ṣì ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ń retí pé òun máa ṣí ìwé náà kí orúkọ bàbá òun yọ sí òun máa sunkún.

Ṣùgbọ́n ìwé ojoojúmọ́ náà mọ ohun púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni nílé kò mọ̀. Ó mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn gbéra ní Èkó. Ó mọ odò tí wọ́n là kọjá àti òkè tí wọ́n sùn lé. Ó mọ ọjọ́ tí oúnjẹ tán, ọjọ́ tí òjò pa wọ́n, àti ọjọ́ tí ìbọn dún láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ẹ bá ti mọ ẹgbẹ́ tí bàbá àgbà yín wà, gbogbo èyí di ìtàn tirẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ má ṣe wá orúkọ ènìyàn ní Kew, ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́. Ilé ni ẹ óò ti gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà.

Báwo ni ẹ ó ṣe gbọ́ ọ? Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù lọ tó ṣì wà láàyè nínú ẹbí, pàápàá àwọn obìnrin. Àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò bàbá, wọ́n gbọ́ ohun tí wọn kò rán ọkùnrin gbọ́. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má bi wọ́n pé bàtálíọ̀nù wo ni bàbá wà, wọn kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ìlú tó ti lọ forúkọ sílẹ̀, ta ni wọ́n jọ lọ láti àdúgbò, ta ló padà, ta ni kò padà. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ń sọ Hausa nígbà tó dé. Èdè Hausa ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà bàbá Ìjẹ̀bú tó dé láti ogun tó ń fi Hausa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà ti fẹ́ sọ nǹkan fún yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ń wa mọ́tò, tàbí ó ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, tàbí ó ń ṣe akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ka ìwé ni wọn kò fi sí ẹgbẹ́ oníbọn rárá nígbà ogun Hítílà. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, àwọn olùtọ́jú aláìsàn, àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, àwọn tó ń fi wáyà ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń wá wọn láàrin àwọn oníbọn kò ní rí wọn láé.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣí àpótí. Mẹ́dàlì ogun Kàísà ní orúkọ àti nọ́ńbà sójà lára etí rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ sára irin. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ yí i po, ẹ kà á. Mẹ́dàlì ogun Hítílà tí wọ́n fún àwọn tiwa kò ní orúkọ lára, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: Burma Star jẹ́ ti ẹni tó dé Bọ́mà, Africa Star lè jẹ́ ti ẹni tó lọ sí Etiópíà àti Sòmálíà. Bí fọ́tò bá wà, ẹ wo apá aṣọ. Aláǹtakùn dúdú ni àmì Division 81, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì tí àwọn tiwa bá lọ sí Bọ́mà; inú ìtàn Ananse àwọn ará Gáná ni wọ́n ti mú un. Ọ̀kọ̀ méjì tó kọjá lára ara wọn ni ti Division 82. Bí ìwé tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ bá wà, ẹ wá nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ti àwọn ọmọ Nàìjíríà nígbà ogun Hítílà. Nọ́ńbà yẹn níye lórí ju orúkọ lọ.

Mo sọ pé ó níye lórí ju orúkọ lọ nítorí pé orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lè má jọ orúkọ tí ẹ mọ̀. Akọ̀wé ológun kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kò bèèrè orúkọ bàbá sójà, orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe orúkọ kejì. Ẹni tí ẹ̀yin mọ̀ sí Làmídì ọmọ Adégòkè lè di Lamidi Ibadan, Òjó ọmọ Àjàyí a di Ojo Oyo. Àwọn orúkọ Mùsùlùmí wa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: Sùnmọ́nù lè di Usuman, Bùráímọ̀ lè di Ibrahim, Mọ́mọ̀ lè di Mohamadu. Àwọn kan tún yí orúkọ padà fúnra wọn nítorí pé wọ́n sá nílé ni, wọn kò fẹ́ kí bàbá wọn wá fà wọ́n jáde ní bárékè. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí orúkọ náà lè gbà jáde sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ẹ fi orúkọ ìlú kún un.

Tí ó bá jẹ́ ogun Kàísà ni bàbá náà lọ, ibi méjì ló ṣeé ṣe jù. Èkíní ni Kamẹrúùnù, láti oṣù Kẹjọ 1914 títí di oṣù Kejì 1916 tí àwọn ará Jámánì tó kù ní Mora fi túúbá. Èkejì ni ìlà-oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Tanzania lónìí. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní ìparí 1916, wọ́n sì padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1918. Ní Mahiwa, ní oṣù Kẹwàá 1917, ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ẹ̀mí wọn sílẹ̀ níbẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Ìwé ojoojúmọ́ ogun méjèèjì wà nínú WO 95. Káàdì mẹ́dàlì wà nínú WO 372, ẹ sì lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso wà lára wọn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláàárù ló ń dùn mí jù nínú ogun yẹn. Kò sí ọ̀nà mọ́tò nínú igbó Kamẹrúùnù, orí ènìyàn ni wọ́n fi ru ọta, oúnjẹ àti àgọ́ àwọn ọ̀gá. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí ọba àti baálẹ̀ kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá, wọ́n sì kó wọn wá. Àìsàn àti ebi pa púpọ̀ nínú wọn. Tí wọ́n bá sọ nínú ẹbí yín pé bàbá kan lọ sí Kamẹrúùnù tí kò padà, tí ẹ kò sì rí i láàrin àwọn sójà, ẹ má gbàgbé pé ó lè jẹ́ ẹrù ló rù. Ìwé tiwọn kéré púpọ̀. Ìtàn ẹnu nìkan ló mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ogun Hítílà ni ìtàn rẹ̀ sún mọ́ wa jù, ó sì yà mí lẹ́nu bí a ṣe ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ mọ Marda Barracks ní Yábàá. Ọ̀nà àárín òkè kan ní Etiópíà ló ń jẹ́ Marda, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ló gbà á ní oṣù Kẹta 1941, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba Mogadishu ní oṣù Kejì. Bárékè Abalti náà, orúkọ ilẹ̀ Etiópíà ni. Bárékè Dodan, Arakan, Myoung: orúkọ ilẹ̀ Bọ́mà ni gbogbo wọn. Letmauk tó wà ní Ìbàdàn náà, Bọ́mà ni. Bàbá àgbà ẹnìkan nínú yín ló jà níbi tí wọ́n fi sọ bárékè náà lórúkọ.

Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni nọ́ńbà bàtálíọ̀nù ti ń ṣiṣẹ́. Tí bàbá yín bá wà ní bàtálíọ̀nù kẹfà, keje tàbí kejìlá ti Nigeria Regiment, ó bá àwọn Chindit, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun tí ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì Wingate kó jọ láti máa jà lẹ́yìn ọ̀tá, wọ ẹ̀yìn àwọn ará Japan ní 1944. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀kẹrin, Division 81 ló bá lọ sí àfonífojì Kaladan. Tí ó bá jẹ́ ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, Division 82 ni. Ní Kaladan, kò sí ọ̀nà, àwọn sójà wa fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà mọ́tò tó gùn tó máìlì 75 láàrin òkè. West African Way ni wọ́n ń pè é. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù Kìíní 1945 àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ Myohaung. Ìwé ojoojúmọ́ Bọ́mà wà nínú WO 172, ti àwọn tó wà níhìn-ín lábẹ́ West Africa Command wà nínú WO 173.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn olóògbé Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀, nítorí mi ò mọ ìtàn tó fi ohun tí mò ń sọ hàn jù ú lọ. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, ọmọ ọdún 16 péré. Wọ́n fi í sí ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú aláìsàn. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọta fọ́ itan rẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ló kù nílẹ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé tó wà nítòsí, Shuyiman lorúkọ rẹ̀, ló ń bọ́ wọn, tó tún gbé wọn pamọ́ sílé ara rẹ̀ láìka ikú sí, títí àwọn Gurkha, sójà Nepal tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì, fi dé ní oṣù Kejìlá. Nígbà tí Fadoyebo dé Emùré-Ilé, ó ń tiro. Wọ́n ti rò pé ó ti kú.

Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà dé Imperial War Museum ní London, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ibẹ̀ ni oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, ti kà á, tó fi wá Fadoyebo wá sí Nàìjíríà, tó sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà láti wá ilé Shuyiman. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá ẹbí rẹ̀, ó sì ka lẹ́tà ìdúpẹ́ náà fún wọn. Fadoyebo gbọ́ èyí kí ó tó di olóògbé ní 2012. Ìwé tí aráyé fi mọ orúkọ àgbẹ̀ yẹn, ọmọ Emùré-Ilé ló kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí bàbá yín ṣì wà láàyè, tàbí tí ìyá yín ṣì rántí ohun tí bàbá rẹ̀ sọ, ẹ ti rí ohun tí mò ń bẹ̀ yín láti ṣe.

Ilé kan tún wà níhìn-ín tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun máa ń fò dá. Nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Nàìjíríà wà, Kenneth Dike ló dá ètò náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta àti Oǹdó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn 1945 ni àwọn sójà tó dé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀: ẹnìkan ń wá iṣẹ́, ẹnìkan ń bèèrè owó tí wọ́n jẹ ẹ́, ẹnìkan fẹ́ ìwé àṣẹ láti máa wa mọ́tò èrò. Nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti lè gbọ́ ohùn bàbá àgbà yín gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti ìbínú rẹ̀. Ìbínú náà sì tọ́ sí wọn. Ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí Al Jazeera gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nígbà tí wọ́n ń tú àwọn sójà sílẹ̀, owó tí wọ́n san fún aláwọ̀ funfun nígbà míì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ Áfíríkà tí oyè wọn jọra.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́, ẹ má fi àkókò ṣòfò ní Kew bí ó bá jẹ́ Faransé ló mú bàbá yín lọ; ilẹ̀ Faransé ni ìwé rẹ̀ wà. Ẹ̀yin ọmọ Sàró, àti ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ erékùṣù Karibíánì tí ẹ gbọ́ pé Yorùbá ni orírun yín, ti yín tún yàtọ̀. Òfin tí Gẹ̀ẹ́sì fi fòpin sí òwò ẹrú ní 1807 gbà wọ́n láyè láti sọ àwọn tí wọ́n já gbà lórí omi di sójà. Láti Freetown ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ wọnú West India Regiment, wọ́n sì fún wọn lórúkọ òyìnbó. Ìwé ìfẹ̀yìntì àwọn kan wà nínú WO 97. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ìlú wọn sí, ẹ lè bá Áfíríkà nìkan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ èyí náà. Ẹni tó bá ń tọ ipasẹ̀ bàbá rẹ̀ kò lè yan èyí tó máa rí. Àwọn ọmọ ogun Èkó ló bá Gẹ̀ẹ́sì jagun Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún 1892, tí wọ́n fi ìbọn ńlá fọ́ ọmọ ogun Ìjẹ̀bú. Àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlà-oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n kó lọ bá àwọn Ẹ̀gbá nígbà ogun Adúbí ní 1918. Bí ìwé bá fi hàn yín pé bàbá àgbà yín wà níbẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe rí, ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín bí ó ṣe rí. Mo mọ ẹbí tó ti gé ojú ewé bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìtàn wọn kí àlejò má baà kà á. Ìwà ìbànújẹ́ ni mo kà á sí. Bàbá yẹn gba owó oṣù, ó gba àṣẹ, ó ní àwọn tí ìbọn rẹ̀ bà. Ọmọ tó bá fẹ́ mẹ́dàlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyókù mọ́ ọn.

Ní ti owó, ẹ ṣọ́ra. Láti wá nǹkan nínú katalọ́ọ̀gì Kew lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Káàdì tí ẹ óò fi wọlé kàwé níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ìwé ìdánimọ̀ yín ni wọn óò bèèrè. Ẹ lè fi fóònù yín ya ojú ìwé. Ìwé London Gazette tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó gba oyè akin sí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní òun á bá yín rí gbogbo rẹ̀ láàrin ọjọ́ méjì tí ẹ bá kọ́kọ́ sanwó, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti àwọn tí kò padà. Àjọ tó ń bójú tó sàréè àwọn sójà, Commonwealth War Graves Commission, ní ìwé orúkọ tí ẹ lè wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Taukkyan, ní Bọ́mà, òkúta ìrántí kan wà tí orúkọ nǹkan bí 27,000 ènìyàn tí a kò mọ sàréè wọn wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde pé ó kéré tán, ènìyàn 116,000 tó kú nínú ogun Kàísà, tí ó sì lè tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ rántí wọn rárá. Ọmọ ìlà-oòrùn Áfíríkà, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ Íjíbítì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àjọ náà ń gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹbí. Bí ẹnìkan nínú ẹbí yín bá kú lẹ́nu iṣẹ́ ológun láàrin ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ 1914 àti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 1921, tàbí láàrin ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án 1939 àti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1947, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé wọn, ẹ kó ohun tí ẹ rí nílé àti ní Ìbàdàn jọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é nígbà tí àwọn tó mọ orúkọ náà ṣì wà láàyè láti pè é fún yín.